Báwo Ni Àpò Afẹ́fẹ́ Ṣe Ń Gba Ọkọ̀ Ojú Omi Lọ́wọ́ Èbúté?

Omi ọ̀sà kì í dúró sójú kan. Ẹni tó bá wà ní èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú láàárọ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ ọkọ̀ lọ sí Erékùṣù Èkó, yóò rí i kedere. Ọkọ̀ kan á kọjá lọ́ọ̀ọ́kán, á rú ìgbì sílẹ̀. Ìgbì náà á rọra rìn dé èbúté, á gbé ọkọ̀ tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀ sókè, á sì gbá a mọ́ ẹ̀gbẹ́ èbúté. Èbúté yìí, kọnkéré àti irin ni. Ara ọkọ̀, fáíbà ni, èyí tó lágbára gan-an bí omi bá ń tì í jákèjádò, ṣùgbọ́n tó máa ń sán bí igun kọnkéré bá kàn án lójú kan ṣoṣo.

Ohun tó máa ń wà láàárín àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àpò ni, ó lè rí gbọọrọ, ó sì lè rí róbótó. Wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n sì fi okùn so ó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Fẹ́ńdà ni àwọn atukọ̀ ń pè é. Èmi yóò máa pe irú tó jẹ́ alátẹ́gùn ní tìmùtìmù afẹ́fẹ́ nígbà mìíràn, ká lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára fẹ́ńdà onírọ́bà líle àti táyà àlòkù tí wọ́n ń so mọ́ èbúté.

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé: àpò tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju atẹ́gùn lọ, báwo ló ṣe ń dá ọkọ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 5 dúró? Ó yẹ ká dáhùn èyí ná ká tó sọ̀rọ̀ owó àti ọjà. Ẹni tí kò bá mọ bí fẹ́ńdà ṣe ń ṣiṣẹ́ á ra èyí tó kéré, á fẹ́ ẹ títí yóò fi le bí òkúta, á wá fi sínú oòrùn láti ọdún dé ọdún títí ara rẹ̀ yóò fi ya.

Ohunkóhun tó bá ń rìn ló gbé agbára kan dání tí kò ní nígbà tó dúró. Ẹ jẹ́ ká pè é ní agbára ìrìn. Ìwúwo ohun náà àti eré tó ń sá ló ń sọ bí agbára yìí ṣe pọ̀ tó, àmọ́ eré ló ń jẹ gàba. Bí ìwúwo ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára ìrìn rẹ̀ náà á di ìlọ́po méjì. Bó bá jẹ́ eré ló di ìlọ́po méjì, agbára ìrìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré bá di ìlọ́po mẹ́ta, ó di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ìdí nìyí tí awakọ̀ tó mọṣẹ́ fi máa ń dẹ ẹ́ńjìnnì kó tó sún mọ́ èbúté. Eré kékeré tó bá yọ kúrò ń yọ ẹrù ńlá kúrò lọ́rùn fẹ́ńdà.

Kí ọkọ̀ tó lè dúró, agbára ìrìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ibì kan lọ. Bí kò bá sí ohunkóhun láàárín, ara ọkọ̀ àti ara èbúté ni yóò pín in. Ibi tí fẹ́ńdà ti wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn, kì í sì í ṣe nípa líle rárá. Ẹni tó bá fò sílẹ̀ láti orí ìgànná tó na ẹsẹ̀ gbọnrangandan, egungun rẹ̀ á sọ fún un. Bó bá tẹ orúnkún bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń kanlẹ̀, á dìde, á sì máa lọ. Ìgànná kan náà ni, ara kan náà ni. Orúnkún tó tẹ̀ ló fún ara ní àyè láti dúró díẹ̀díẹ̀.

Àyè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ fẹ́ńdà. Ẹ mú ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 5 tó ń sún mọ́ èbúté ní ìdajì mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó lọ́ra ju ìrìn ẹsẹ̀ lásán lọ. Bí ọkọ̀ náà bá ní sẹ̀ǹtímítà 1 péré láti fi dúró, bí ìgbà tó kọlu táyà líle tàbí pákó, ipá tí yóò ba ara rẹ̀ á ju ìwúwo tọ́ọ̀nù 6 lọ. Bí ohun tó kọlù bá rọ̀ tó fi ní sẹ̀ǹtímítà 10 láti dúró, ipá náà á bọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, kò ní tó ìwúwo kílò 650. Ọkọ̀ kan náà, eré kan náà. Fẹ́ńdà kò dín agbára ìrìn kù. Ó kàn na ìdúró ọkọ̀ gùn ni.

Ẹ ó ti rí i nínú ìṣirò yìí pé kò sí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ènìyàn tó yẹ kó wà láàárín ọkọ̀ àti èbúté. Mo máa ń rí ọmọ ọkọ̀ tó ń na ẹsẹ̀ síta láti ti èbúté sẹ́yìn, mo sì ń rí èrò tó di etí ọkọ̀ mú, tí ìka rẹ̀ yọ síta. Ìwúwo kílò 650 tó bọ́ lé egungun ìka, kò sí dókítà tí yóò tò ó padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí fẹ́ńdà kò bá tíì bọ́ sípò, kí wọ́n fi ọkọ̀ sẹ́yìn, kí wọ́n tún un gbé wá. Ọkọ̀ ṣeé tún ṣe.

Wàyí o, kí ló dé tó fi jẹ́ afẹ́fẹ́? Òwú rọ̀, koríko rọ̀, kànìnkànìn rọ̀. Afẹ́fẹ́ ní ìwà kan tí àwọn yòókù kò ní tó: bó o bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ló ṣe ń kọ̀ tó, bó o bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, á padà sí bó ṣe wà, bó tilẹ̀ jẹ́ ìgbà ẹgbẹ̀rún. Ní ọdún 1662 ni Robert Boyle, ọmọ ilẹ̀ Ireland kan tó ń ṣèwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ òfin rẹ̀ jáde: bí a bá fún afẹ́fẹ́ tó wà nínú ohun tó dí pa sínú ìdajì àyè rẹ̀, tí kò sì gbóná sí i, bó ṣe ń ti ara ohun náà á di ìlọ́po méjì. Títì yìí, bó ṣe pọ̀ tó lórí ìwọ̀n àyè kan, là ń pè ní ìfúnpá, ọ̀rọ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì náà ń lò fún ti ẹ̀jẹ̀.

Ìfúnpá nìkan kọ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró o. Ẹ wo fẹ́ńdà gbọọrọ kan bí ọkọ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà tó kọ́kọ́ fara kàn án, ìlà tín-ín-rín kan lára rẹ̀ ló kan ọkọ̀, ìyókù ṣì wà ní róbótó. Bí ọkọ̀ ṣe ń sún mọ́ sí i, ìlà yẹn á di ojú pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, lẹ́yìn náà bí àwo ìjẹun. Gbogbo ibi tó bá ti pẹlẹbẹ ni afẹ́fẹ́ inú ń ti ọkọ̀ padà láti ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìfúnpá inú rẹ̀ kò tíì yí padà púpọ̀. Ojú tó ń fẹ̀ sí i ló ń mú ipá rẹ̀ pọ̀. Tó bá wá kù díẹ̀ kó tẹ́ pátápátá ni ìfúnpá yóò wá fò sókè, tí àwọn méjèèjì á jọ dìde pọ̀. Nítorí náà, fẹ́ńdà tó dára máa ń gba ọkọ̀ pẹ̀lú sùúrù, á kọ́kọ́ fàyè gbà á, kó tó wá kọ̀ fún un. Onírọ́bà líle kì í fàyè gba ẹnikẹ́ni.

Àbùkù kan wà lára afẹ́fẹ́, ó sì yẹ kí ọlọ́kọ̀ mọ̀ ọ́n. Ohun tó gbà, ó máa ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Fẹ́ńdà tó tẹ̀ á nà, á sì ti ọkọ̀ padà sójú omi. Kànìnkànìn, èyí tí wọ́n fi ń ṣe irú fẹ́ńdà mìíràn, máa ń sọ ìpín tó pọ̀ ju ti afẹ́fẹ́ lọ nínú ohun tó gbà di ooru díẹ̀, kì í ti ọkọ̀ padà tó bẹ́ẹ̀. Okùn ni oògùn èyí. Fẹ́ńdà afẹ́fẹ́ tí kò ní okùn tó so ọkọ̀ dáadáa níwájú àti lẹ́yìn á kàn máa gbá ọkọ̀ lọ, á máa gbá a bọ̀.

Ní iwájú Lómé, olú ìlú Togo, ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn lọ nísinsìnyí, torí tìmùtìmù afẹ́fẹ́ ń ṣe iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Lójú òkun níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ agbépo ńlá máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, wọ́n á máa fa epo láti inú ọ̀kan sínú èkejì. Púpọ̀ nínú epo bẹ́ẹ̀ ló ti gba ibẹ̀ wá sí Nàìjíríà. Irin ni ọkọ̀ méjèèjì. Ohun tó kún inú wọn, iná ló ń wá. Ìgbì òkun ń gbé ọ̀kan sókè bó ṣe ń sọ èkejì kalẹ̀. Kò sí èbúté, kò sí ògiri. Fẹ́ńdà tó léfòó láàárín wọn nìkan ló wà. Èyí tó wọ́pọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí fẹ̀ ní mítà 3.3, ó sì gùn ní mítà 6.5: ó ga ju òrùlé ọkọ̀ dánfó lọ dáadáa. Wọ́n á fi àwọ̀n ẹ̀wọ̀n irin wé e, wọ́n á sì to táyà àlòkù, pàápàá táyà ọkọ̀ òfuurufú, sára ẹ̀wọ̀n náà kí irin ọkọ̀ má baà họ awọ rẹ̀.

Ọ̀nà tí èyí gbà dé ayé yani lẹ́nu. Láyé tí àwọn ọkọ̀ apẹja-àbùùbùtán ṣì ń lọ sí òkun yìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé, wọ́n nílò ohun tí wọn yóò fi sáàárín ọkọ̀ ọdẹ àti ìyá ọkọ̀ tí wọ́n ti ń kun ẹran. Òkú àbùùbùtán ni wọ́n ń lò. Ó tóbi, ó rọ̀, ó ń léfòó. Ní ọdún 1958 ni ilé iṣẹ́ Yokohama Rubber ní Japan gbé fẹ́ńdà afẹ́fẹ́ onírọ́bà jáde láti gba iṣẹ́ náà ṣe. Lónìí, ìlànà àgbáyé kan, ISO 17357, ló ń sọ bí wọn yóò ṣe ṣe é: irú kan ní ìfúnpá kPa 50 nínú, èyí tó jẹ́ bíi psi 7 lórí gẹ́ẹ̀jì àwọn fọ́kanáísà wa, irú kejì sì ní kPa 80. Iṣẹ́ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni èyí tó lè ṣe bí ọkọ̀ bá tẹ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú rẹ̀ wọlé. Fẹ́ńdà mítà 3.3 á wá ku nǹkan bíi mítà 1.3, kò sì gbọ́dọ̀ bẹ́. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ dé psi 7 péré ló ń ya ọkọ̀ agbépo méjì nípa lójú agbami.

Kí a wá padà sórí ọkọ̀ tiwa.

Títóbi rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ ra fẹ́ńdà gbọ́dọ̀ mọ̀, ìdí rẹ̀ sì ti hàn nínú ohun tí a ti sọ: ìbú fẹ́ńdà ni àyè tí ọkọ̀ ní láti fi dúró. Ìlànà tí àwọn tó ń ṣe é máa ń fúnni ni pé kí fẹ́ńdà gbọọrọ ní ìbú ínṣì 1 fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5 tí ọkọ̀ fi gùn. Ti róbótó, kó jẹ́ ínṣì 2. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 30 á nílò gbọọrọ tó fẹ̀ ní ínṣì 6 sí 8, tàbí róbótó ínṣì 12 sí 15. Ní ti iye, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ bàtà 10 kọ̀ọ̀kan, kó má sì dín sí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí bí méjì péré bá wà, tí ọkọ̀ bá yí orí díẹ̀, ibi kan á ṣí sílẹ̀.

Mo rò pé ìlànà yìí kéré fún wa. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń so mọ́ ibùdókọ̀ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, ọkọ̀ tó lè má gúnlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Ọkọ̀ èrò tó ń ná Ìkòròdú sí Fálómọ́, tàbí Ọ̀jọ́ sí Marina, ń gúnlẹ̀ léraléra láti àárọ̀ dalẹ́, pẹ̀lú èrò tó kún inú rẹ̀, nínú ìgbì tí àwọn ọkọ̀ mìíràn rú sílẹ̀. Kí ọlọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀ mú èyí tó fi nọ́ńbà kan tóbi ju ti ìlànà lọ. Owó tó lé kò tó owó àtúnṣe fáíbà kan.

Gbọọrọ ló dára fún ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó tẹ́jú, torí ó lè yí bí ọkọ̀ ṣe ń lọ síwájú sẹ́yìn, kò sì gba àyè púpọ̀. Róbótó dára fún èjìká ọkọ̀, níbi tí ara rẹ̀ ti ń tẹ̀ lọ sí imú, nítorí pé ibi yòówù kó yí sí, ìbú rẹ̀ kan náà ni. Bí ògiri èbúté bá jẹ́ òpó òpó tó jìnnà síra, fẹ́ńdà kan ṣoṣo á yọ́ bọ́ sí àárín òpó méjì, kò ní ṣiṣẹ́ kankan. Níbi bẹ́ẹ̀, pákó gígùn kan ni wọ́n ń gbé rọ̀ síwájú fẹ́ńdà méjì, pákó á kan òpó, fẹ́ńdà á wà láàárín pákó àti ọkọ̀.

Kí wọ́n so ó mọ́ èèkàn irin tí wọ́n fi ń so okùn ọkọ̀, kì í ṣe mọ́ irin ìdìmú èrò, torí irin yẹn kò ní gbòǹgbò tó lè gba fífà. Kó bọ́ sí ibi tí ọkọ̀ ti fẹ̀ jù. Kí ìdí rẹ̀ fi díẹ̀ ga ju omi lọ. Èyí tó bá ń wẹ̀ nínú omi, ìgbì á máa gbé e sókè títí yóò fi fò jáde kúrò láàárín. Ní èbúté tí kì í léfòó, omi tó ń kún tó ń fà á máa gbé ọkọ̀ sókè, á máa sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí náà ẹni tó so fẹ́ńdà láàárọ̀ ní láti tún un wò lọ́sàn-án.

Kí ẹ tó rà á, ẹ tẹ ojú ihò tí okùn ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya, torí gbogbo fífà ló ń parí síbẹ̀. Ó yẹ kó nípọn ju ara yòókù lọ, kí etí ihò náà sì dán, kó má ṣe mú. Ẹ wo fáàfù pẹ̀lú, bóyá ó ṣeé yọ pààrọ̀. Fẹ́ńdà tí fáàfù rẹ̀ kò ṣeé yọ, ọjọ́ tí fáàfù bá kú ni gbogbo rẹ̀ kú.

Ohun tí awọ rẹ̀ jẹ́ ló ń sọ bí yóò ṣe ṣeé tọ́jú. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà jẹ́ PVC tí wọ́n yọ́ sínú ẹ̀rọ, tó nípọn, tó ń dúró ní róbótó bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tilẹ̀ lọ díẹ̀. Ó lágbára, kò wọ́n, àmọ́ kò ṣeé ká. Irú kejì jẹ́ aṣọ tó lágbára tí wọ́n fi rọ́bà tàbí PVC bò, bí awọ àwọn ọkọ̀ ojú omi alátẹ́gùn. Èyí ṣeé tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ká ká a, ká sì tì í sábẹ́ ìjókòó. Ọkọ̀ ńlá tó nílò fẹ́ńdà ńlá, tí kò sì ní àyè, òun ló máa ń lò. Nínú rọ́bà tí wọ́n ń lò fún un, Hypalon ló gbayì jù, nítorí pé oòrùn kì í tètè bà á jẹ́. Ilé iṣẹ́ DuPont tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti dẹ́kun ṣíṣe rẹ̀ láti ọdún 2010, àwọn mìíràn ló ń ṣe irú rẹ̀ báyìí, orúkọ tí wọ́n sì ń kọ sí i lára ni CSM.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì ṣe. Fẹ́ńdà ọkọ̀ kékeré kì í gbà ju psi 2 tàbí 3 lọ. Táyà mọ́tò ń gba nǹkan bíi 30. Ẹni tó bá gbé fẹ́ńdà lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà, tó ní kó fẹ́ ẹ kó le dáadáa, ti sọ ọ́ di òkúta, ó ti gba àyè ìdúró lọ́wọ́ ọkọ̀ ara rẹ̀. Ewu tó ju ìyẹn lọ tún wà níbẹ̀: ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà yára, agbára rẹ̀ sì pọ̀, ó lè kọjá ohun tí awọ PVC lè gbà kí ojú tó rí i. Àpò ńlá tó bẹ́ lójú ẹni lè fọ́ etí, ó sì lè fọ́ ojú. Pọ́ǹpù ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀ ló yẹ.

Gẹ́ẹ̀jì táyà kò wúlò púpọ̀ níbí, torí pé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kò ti lè ka nǹkan gidi, ni psi 2 wà lójú rẹ̀. Téèpù aránṣọ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ṣe fẹ́ńdà máa ń kọ bí àyíká rẹ̀ ṣe yẹ kó tó sí orí ìwé tó bá a wá. Èyí tó fẹ̀ ní ínṣì 8, téèpù á ka nǹkan bíi ínṣì 25 yí i ká. Ẹ fẹ́ ẹ díẹ̀, ẹ fi téèpù wé àárín rẹ̀, ẹ tún fẹ́ ẹ díẹ̀. Bí téèpù bá ti dé ibẹ̀, ẹ dúró. Tí àtàǹpàkò bá tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kó wọlé díẹ̀.

Wákàtí tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ tún ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Afẹ́fẹ́ ayé tó yí wa ká ń tẹ gbogbo nǹkan pẹ̀lú ìfúnpá tó sún mọ́ psi 15, àlékún orí rẹ̀ nìkan ni gẹ́ẹ̀jì sì ń kà. Fẹ́ńdà tí gẹ́ẹ̀jì pè ní 2 ní 17 nínú ní tòótọ́. Ká ní wọ́n fẹ́ ẹ láàárọ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ wà ní 25 °C, tí oòrùn ọ̀sán wá sọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ di 55 °C lórí ọkọ̀. Ooru yìí á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún gbogbo 17 náà, kì í ṣe 2 yẹn nìkan. Á sún mọ́ 19. Ẹ yọ 15 ti ayé kúrò, ohun tó kù fún awọ láti gbà ti sún mọ́ 4. Ìfúnpá rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láìsí ẹni tó fi ọwọ́ kan pọ́ǹpù. Nínú táyà mọ́tò, ooru kan náà á kàn sọ 30 di nǹkan bíi 34 tàbí 35. Awọ PVC máa ń fẹ̀ díẹ̀ láti fún afẹ́fẹ́ náà láyè, kò sì ní gòkè tó bẹ́ẹ̀ gan-an, àmọ́ fífẹ̀ yẹn ló ń sọ ọ́ di hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n bá sì fẹ́ lọ́sàn-án gangan á rọ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Kò jò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló tutù.

Oòrùn ní iṣẹ́ ibi kejì tí kì í ṣe ooru. PVC fúnra rẹ̀ le bí páìpù omi tó wà nínú ògiri ilé. Ohun tó sọ ọ́ di rírọ̀ ni èròjà bí epo tí wọ́n pò mọ́ ọn ní ilé iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká pè é ní epo ìmúrọ̀. Epo yìí kò fi ara mọ́ ike náà pátápátá, àárín rẹ̀ ló fara pamọ́ sí, ó sì ń wá ọ̀nà àbájáde. Ooru ń lé e jáde. Ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí ń já okùn tín-ín-tín tó so ara ike pọ̀. Bẹ́ńtíróò, tínà àti ohun tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná ń wọ inú ike náà lọ fa epo yìí jáde. Fẹ́ńdà tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tó ń mú ìdọ̀tí bí oyin, epo rẹ̀ ló ti dé ojú awọ yẹn. Bí epo yìí bá lọ tán, awọ náà á gbẹ, á le, á sán. Kò sí ohun tó lè dá epo náà padà sínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìtọ́jú fi jẹ́ apá kan iṣẹ́ fẹ́ńdà, kì í ṣe àfikún. Ohun tí a ra ni rírọ̀ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní èbúté, kí wọ́n fa fẹ́ńdà wọlé; èyí tó ń jù dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ń sáré, okùn àti ojú ihò rẹ̀ ló ń jẹ. Tí iṣẹ́ bá parí, omi àti ọṣẹ lásán ni kí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Iyọ̀ omi òkun tó gbẹ sára rẹ̀ ń di ẹyọ tó mú, á máa họ fẹ́ńdà, á sì máa họ ọ̀dà ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní aṣọ tó bò ó, kí wọ́n fọ aṣọ náà, torí inú rẹ̀ ni iyanrìn ń kó sí.

Kó gbẹ kanlẹ̀ kí wọ́n tó tì í síbikíbi. Èyí tó ṣeé ká, ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tán, ẹ yí i bí ẹní, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ ní ojú kan náà ní gbogbo ìgbà, torí ojú ìṣẹ́po ni awọ ti ń kọ́kọ́ sán. Èyí tí kò ṣeé ká, ẹ dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀, kó ṣì ní ìrísí rẹ̀, ẹ sì gbé e kọ́ níbi tí òjìji wà. Ẹ má to ẹrù lé e. Ẹ má jẹ́ kó fara kan ẹ́ńjìnnì tàbí gálọ́ọ̀nù epo, ẹ má sì jẹ́ kó sùn ti ike mìíràn tàbí ọ̀dà ọkọ̀ fún oṣù gbọọrọ, nítorí pé epo ìmúrọ̀ lè kọjá láti ara ọ̀kan sí èkejì, kó fi àpá tí kò ṣeé fọ̀ sílẹ̀. Eku fẹ́ràn àkójọ nǹkan rírọ̀ níbi tó ṣókùnkùn, nítorí náà gbígbé kọ́ sókè dára ju gbígbé sílẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní táyà àlòkù kò béèrè gbogbo wàhálà yìí. Lóòótọ́ ni, lára ògiri èbúté àti lára ọkọ̀ afàkọ̀ onírin, ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ó le jù fún fáíbà, ó ń fi dúdú kun ọkọ̀, ó sì ń gba omi òjò sínú. Omi yẹn ni ẹ̀fọn Aedes, tó ń gbé ibà pọ́njú àti dengue kiri, fẹ́ràn láti yé ẹyin sí. Ẹni tó bá gbé e kọ́, kó lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa jáde.

Fẹ́ńdà tó bá ń rọ̀ lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fẹ́ ẹ dé ìwọ̀n téèpù rẹ̀, ẹ po omi ọṣẹ kó hó, ẹ dà á sórí fáàfù ná, lẹ́yìn náà sí ojú ihò okùn àti gbogbo ibi tó bá lápá. Ibi tí ìfófòó bá ti ń wú jáde ni afẹ́fẹ́ ń gbà lọ. Fáàfù ṣeé pààrọ̀. Awọ alaṣọ ṣeé lẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún irú rọ́bà rẹ̀ gan-an. Ti PVC àti ti CSM kò jọra. Bí omi ọṣẹ kò bá fi nǹkan kan hàn, ẹ gbé e sínú ilé di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì wọn àyíká rẹ̀ ní wákàtí kan náà tí ẹ wọ̀n ọ́n lánàá, kí ooru má baà tàn yín. Bí téèpù bá fi hàn pé ó ti sọ̀, tó sì jẹ́ onípọn tí wọ́n yọ́ sínú ẹ̀rọ, ó lè jẹ́ pé ara awọ rẹ̀ ló ti ṣí kéékèèké káàkiri, ìlẹ̀mọ́ kò sì ní dúró lórí rẹ̀. Ẹ má tún so ó mọ́ ọkọ̀ tó ń gbé èrò.